Ọ̀dà Àṣìpò

Akunlé tó wá wò ó fi ìka ta ògiri lẹ́ẹ̀mejì,
ó mí kanlẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀,
ó ní ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là, owó ọ̀dà ò sí níbẹ̀ o.
Mo ní ẹ ṣeun. Mo sìn ín dẹ́nu ọ̀nà.
Yìnyín tó gbọ̀n dànù lára bàtà rẹ̀
nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Hrynchuk ló ni ilé yìí
kí báńkì tó fi wá joyè onílé.
Ogójì ọdún ló fi fa sìgá ní pálọ̀.
Ògiri pọ́n bí eyín arúgbó,
àfi ibì kan lókè àga,
onígun mẹ́rin, funfun báláú,
níbi tí àwòrán ẹni mímọ́ kan kọ́ sí
tí èéfín ò ráyè dé.
Ẹniafẹ́ ní, "Màmá, fèrèsé ta nìyẹn?"

Akínbọ̀dé ní ká fi í sílẹ̀ dìgbà ooru.
Mo ní ṣé ìgbà ooru ló máa rówó ni?
Ní Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí títì Ellice,
sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àjẹkù ilé onílé:
ilẹ̀kùn tí ò ní férémù,
kọ́kọ́rọ́ tí ò mọ ilé rẹ̀ mọ́.
Lẹ́yìn pátápátá ni ọ̀dà àṣìpò wà,
èyí tí ẹni tó ní kí wọ́n po òun wò tó ní, rárá, tèmi kọ́ nìyí.
Dọ́là mẹ́rin, agolo kan.
Mo mú mẹ́ta. Ọ̀kan dà bí ògì àná,
ọ̀kan dà bí ẹyin ẹtù,
ọ̀kan, kí n má purọ́, dà bí ohun tí ọmọ jòjòló ń pọ̀ síni léjìká.
Mo kó wọn lé itan nínú bọ́ọ̀sì bí ìyá ìbẹta.

Ọṣẹ ìfọyín ni mo fi dí ihò ìṣó.
Omi ọṣẹ àti ọtí kíkan ni mo fi fọ ògiri,
omi dúdú ń ṣàn wọ̀ mí ní abíyá bí àgbo.
Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, alángbá ò ní wọ̀ ọ́.
Alángbá wo ní Winnipeg?
Òtútù ló wọlé, ó wá jókòó.

Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú garawa ìwẹ̀ ọmọ,
mo fi orógùn tí ìyá mi fi ránṣẹ́ rò ó.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.
A ò lè ṣí fèrèsé,
òórùn rẹ̀ ń kọ́ wa lójú, à ń rẹ́rìn-ín, à ń wúkọ́.
Nígbà tó gbẹ, Akínbọ̀dé fà sẹ́yìn, ó ní,
"Ó jọ ògiri ilé Ìyá Àgbà yín n'Ípetumodù,
bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́tọ́ ra á tán."
Mo ní ó jọ dọ́là méjìlá.
Ṣùgbọ́n mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí kò rí mi.

Ẹni mímọ́ ò gbà.
Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó yọjú lẹ́ẹ̀mejì.
Ọ̀dà tó ṣẹ́kù ò ju ìgbá tíì kan lọ,
kò sì sẹ́ni tó lè po irú rẹ̀ mọ́ láyé.
Bóyá kí n fi pa ojú fèrèsé tí kì í ṣe fèrèsé,
bóyá kí n fi parí ẹ̀yìn fíríìjì.
Mo fi pa á. Ó tún yọjú, fẹ́ẹ́rẹ́,
mo bá ní ó dáa, ẹ máa bá wa gbé.
Bẹ́ ẹ bá dé ilé wa, ẹ má sún fíríìjì o.
Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ju èje lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, níbi iṣẹ́ òru,
bí mo ṣe ń yí bàbá arúgbó kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún,
ó na ìka, ó yọ ọ̀dà gbígbẹ létí mi,
ó gbé e sábẹ́ iná, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni yẹ owó wò.
Ó ní, kí lorúkọ àwọ̀ yìí?
Mo ní, ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé, sà.